Ṣé Ẹ Rí Erin?

Abala Olùkọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń retí abala yìí, nítorí kí a tó gba ìsinmi ni mo ti ṣèlérí níwájú kíláàsì pé mò ń lọ sílé, àti pé lọ́tẹ̀ yìí n kò ní dúró sí Èkó nìkan. Mo ní mo fẹ́ wọ igbó.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. À ń kọ́ orúkọ ẹranko ní kíláàsì kejì. Mo bi àwọn ọmọ pé ẹranko wo ni wọ́n ti fi ojú ara wọn rí níta gbangba, tí kì í ṣe ajá tàbí ológbò. Wọ́n nawọ́ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ní òun rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń tú àpò ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé wọn lóru. Òmíràn ní òun rí ọ̀kẹ́rẹ́ ní pápá Peckham Rye. Ẹnì kẹta ní ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan wà tó máa ń pariwo lórí igi ní àdúgbò àwọn. Mo sọ fún un pé ẹbí odídẹrẹ́ ni. Inú mi dùn gan-an. Ẹ ò rí i pé Peckham náà ní ẹranko tirẹ̀?

Nígbà tí mo kan erin, ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Àǹtí, dádì mi ní kò sí erin mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní inú àlọ́ nìkan ló kù sí."

Mo sọ fún un pé erin ṣì wà. Ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i rí ni?"

N kò rí i rí. Ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Gbogbo erin tí mo mọ̀, nínú ìwé àti lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti rí wọn. Mo sọ òótọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo fi kún un pé màá lọ wò ó wá. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ.

Ọ̀nà igbó

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ibi tí mo rìn dé ni igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní apá Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣágámù lọ sí Òrè àti Benin ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Oríta kan wà níbẹ̀ tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní J4, ibẹ̀ la ti yà. Ọdún 1925 ni ìjọba ti sọ ọ́ di igbó àbò. Ní 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bójú tó. Ó fẹ̀ tó 1,300 kìlómítà níbùú lóròó. London yìí lódindi, díẹ̀ ló fi fẹ̀ jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ igbó mọ́. Bí a ti ń lọ lórí ọ̀kadà, ọkọ̀ akẹ́rù tó di ìtí igi gẹdú ń kọjá lára wa, eruku sì ń bo wá. Ibì kan jẹ́ oko gmelina tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà, ibòmíràn jẹ́ oko kòkó. Ó pẹ́ kí a tó dé ibi tí igi fi orí kan ara wọn lókè, tí oòrùn ọ̀sán kò lè já sílẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣe ọdẹ rí, tó wá di ẹ̀ṣọ́ igbó, ni ó mú mi wọlé. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ti ń pè mí ní "Ìyá Lọ́ńdọ̀nù". Ó fún mi lófin mẹ́ta: kí n má lo lọ́fínńdà, kí n má pariwo, kí n má ṣáájú òun. Ó ní, "Ẹranko á ti gbọ́ òórùn yín kí ẹ tó rí ìrù rẹ̀."

Ìjàlọ àti ọ̀bọ

Mo ti ka ìwé àwọn arìnrìn-àjò kí n tó lọ. Mary Kingsley, tí wọ́n bí ní Islington níhìn-ín ní 1862, rìnrìn àjò lọ sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1893 àti ní 1895, ó sì tẹ ìwé kan jáde nípa rẹ̀ ní 1897. Ó sọ níbẹ̀ bí ọ̀nì kan ṣe fẹ́ gun orí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀, tí òun sì fi àjẹ̀ gbá a nímú títí ó fi padà sómi. Ó tún sọ bí òun ṣe já sínú kòtò tí àwọn ọdẹ gbẹ́ fún ẹran, tí igi ṣóńṣó kún inú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé síkẹ́ẹ̀tì òun tó nípọn ló yọ òun. Nígbà tí mo ń ka ìwé yẹn lórí bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, mo rò pé èmi náà á ní irú ìtàn akin bẹ́ẹ̀ láti sọ.

Ẹ̀yin ọmọ, n kò bá ọ̀nì pàdé. Ìjàlọ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀.

A ò tíì rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tí mo dúró láti ya fọ́tò olú kan lára igi tó ti wó. Bàbá ń pè mí, n kò dáhùn. Lójijì, nǹkan kan bù mí jẹ lórúnkún, òmíràn tún bù mí jẹ nítan. Mo wolẹ̀, mo rí ìlà dúdú kan tó ń ṣàn kọjá lórí bàtà mi bí omi. Mo sá! Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo ń fò sókè bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Bàbá kò rẹ́rìn-ín níṣojú mi, àmọ́ mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, nínú igbó, ilẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò kí á tó wòkè."

Ìjàlọ kì í gbé ojú kan pẹ́ bí ikán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á tò tẹ̀lé ara wọn, kòkòrò tó bá wà lójú ọ̀nà tí kò bá tètè sá, wọ́n á jẹ ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ inú wọn kò ríran rárá; òórùn ara wọn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Ẹ wo bí afọ́jú ṣe lé olùkọ́ yín eré!

Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Ìgbà náà gan-an ni ariwo wá láti òkè. Ẹ̀ka igi ń mì, èso ń já bọ́. Bàbá fọwọ́ kàn mí, ó tọ́ka. Ọ̀bọ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń fò láti igi kan sí èkejì. Mo rí ọ̀kan fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó wọnú ewé lọ: ara rẹ̀ dúdú, ọ̀fun rẹ̀ funfun bí òwú. Ẹ má fi ojú kékeré wo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn o. Irú ọ̀bọ ọlọ́fun-funfun yìí kò sí ní Kenya, kò sí ní Kóńgò. Gúúsù Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá ni ilé rẹ̀ láyé, ó sì ti ń dínkù.

Ẹni tó ń gbó lóru

Ilé onípákó àwọn ẹ̀ṣọ́ ni mo sùn. Kò sí iná mànàmáná, òkùnkùn sì ṣú débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lórí igi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó le sí i, ó wá di gbígbó bíi ti ajá tó ń bínú. Ó dákẹ́. Òmíràn dá a lóhùn láti òkèèrè. Ojú oorun mi dá.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹkùn nìyẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. "Ẹkùn kẹ̀? Ọ̀fàfà ni. Kò ju ológbò lọ."

Ẹ̀yin òbí, mélòó nínú yín ló mọ ọ̀fàfà? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, mo ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹranko onírun ni, kò ní ìrù tó ṣeé rí, inú ihò igi ló máa ń sùn lọ́sàn-án. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ṣọdẹ mọ̀ pé gbígbó ló ń gbó. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ka ọ̀fàfà ti ilẹ̀ wa mọ́ irú èyí tó wà ní Gánà àti ní Kamẹrúùnù. Ní 2021 ni àwọn onímọ̀ kan sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Linnean, tó wà ní London yìí, pé ọ̀tọ̀ ni. Kí ni wọ́n fi mọ̀? Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u fó. Èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Volta máa ń han gooro, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà ní ìlà-oòrùn odò Ọya. Èyí tó wà láàárín odò méjèèjì, níbi tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wà, gbígbó ló ń gbó. Wọ́n wọn agbárí rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Látìn túmọ̀ sí "ti àárín odò méjì".

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé, nínú gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ tó kù láyé, ọ̀fàfà àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló sún mọ́ erin jù. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 50 ọdún tí ìdílé wọn ti pínyà, ṣùgbọ́n ọ̀fàfà ṣì ní eyín ṣóńṣó méjì lókè tí kì í dẹ́kun dídàgbà, bíi ti erin gan-an. Erin ni mo wá, àbúrò erin ló ń bú mọ́ mi láti orí igi. Mo gbé fóònù mi síta fèrèsé, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀

Òjò rọ̀ mọ́jú. Bàbá ní ó dára, ilẹ̀ tútù kì í purọ́. Ní ẹ̀bá odò kékeré kan, wọ́n dúró, wọ́n sì fi igi tọ́ka. Ojú ẹsẹ̀ ni, ó rí roboto, omi òjò kò tíì kún inú rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mi tòun ti bàtà sínú rẹ̀, àyè ṣì kù. Níwájú díẹ̀, a rí ìgbẹ́ erin tó ṣì ń rú èéfín, kóró èso kún inú rẹ̀. Bàbá ní erin ni àgbẹ̀ tó ń gbin igbó. Òótọ́ ni: á jẹ èso níhìn-ín, á rìn lọ jìnnà, á sì fi kóró náà sílẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú ajílẹ̀ tirẹ̀. Àwọn igi kan wà tí èso wọn tóbi débi pé bóyá ni ẹranko mìíràn lè gbé e mì.

Erin inú igbó wa kì í ṣe erin ńlá tí ẹ ń rí nínú fíìmù, tó ń rìn ní pápá. Ó kéré sí i, etí rẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ tọ́, ó sì kọjú sílẹ̀ kí ó má baà há sáàárín igi. Ní 2021 bákan náà ni àjọ àgbáyé tó ń ka ẹranko tó kù láyé ya erin igbó sọ́tọ̀ sí erin pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn, wọ́n sì ní erin igbó wà nínú ewu tó le jùlọ kó tó di pé ó pa rẹ́. Àwọn tó ń pa á nítorí eyín wà, àwọn tó ń gé igi wà, oko sì ń jẹ igbó lọ. Oṣù 22 ni abo erin fi ń lóyún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni bá pa ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí a lè fi ọdún kan dí.

Bàbá tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá ewé kan kúrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ ńlá, kékeré kan wà, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Ó ń tọ́mọ."

Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ. Igi kan ṣẹ́ níwájú, gbọ̀ọ̀! Kò jìnnà. Lẹ́yìn èyí, ohùn kan tó rẹlẹ̀, tí mo fi àyà gbọ́ ju bí mo ṣe fi etí gbọ́ lọ. Ewé ń mì. Mo rántí ọmọ mi ní kíláàsì kejì. Mo rántí ìlérí. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Bàbá di apá mi mú. Wọn kò gbé ohùn sókè. "Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, ìyá tó lọ́mọ lẹ́yìn kì í ṣe ẹni tí à ń yọ sí lójijì. Ẹ jẹ́ ká padà."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá, mo ní ìṣẹ́jú kan péré. Wọ́n ní, "Bí ó bá pa wá, wọ́n á ní òun ló burú. Wọ́n á wá a wá pẹ̀lú ìbọn." Kò sí èsì fún ìyẹn. A fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ẹ̀bá odò, a sì padà.

Ohun tí mo sọ ní Sátidé

Òwe wa sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Mo ro òwe yìí títí ọkọ̀ òfurufú fi balẹ̀. Ó rọrùn láti sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé mo rí i. Ta ni yóò já mi? Ṣùgbọ́n bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Bí a kò bá rí i, kí la ó sọ?

Ó kọ́kọ́ dé kíláàsì ní Sátidé tí a wọlé. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi bi mí, "Àǹtí, ṣé ẹ rí erin?"

Mo ní, "Rárá. N kò rí i."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo wá fi fọ́tò bàtà mi nínú ojú ẹsẹ̀ hàn án, mo fi ti kékeré hàn án, mo sì sọ fún un ìdí tí a fi padà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Nítorí ọmọ rẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa tí ẹ ò lọ."

Nígbà tí a fẹ́ túká, mo gbé ohùn ọ̀fàfà sí i fún gbogbo kíláàsì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbó bíi tirẹ̀. Bàbá ọmọ náà ti dé láti mú un lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé sí i." Mo tún un gbé sí i. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, Yorùbá ló fi bá a sọ̀rọ̀, èyí tí n kò gbọ́ kó ṣe láàárín ọdún méjì tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ó ní, "Ọ̀fàfà nìyẹn. Bàbá mi àgbà ní oko kòkó nítòsí Òrè. Tó bá ti ń gbó báyìí, wọ́n á ní ká wọlé lọ sùn."

Ọmọ náà ní, "Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí?"

Ó ní, "Mo rò pé mo ti gbàgbé ni."

Wọ́n wo fọ́tò ojú ẹsẹ̀ kékeré náà pa pọ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo gbọ́ tí ọmọ ń sọ fún bàbá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pé, "Ẹ rí i pé ó wà?"

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ ronú ẹranko kan tí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, yálà ẹ rí i ni o, yálà ohùn rẹ̀ nìkan lẹ gbọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín ní Yorùbá lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn mẹ́ta péré.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí

Ìjàlọ: èèrà dúdú tó ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tó sì ń buni jẹ.
Ọ̀fàfà: ẹranko kékeré tó ń gbé orí igi, tó ń gbó lóru.
Àjànàkú: orúkọ mìíràn fún erin.
Fìrí: bí a ṣe ń rí ohun tó yára kọjá lójú wa.
Àjẹ̀: igi pẹlẹbẹ tí a fi ń wa ọkọ̀ ojú omi.

Iṣẹ́ ilé

1. Bi àgbàlagbà kan nílé yín nípa ẹranko ìgbà èwe rẹ̀. Kọ orúkọ ẹranko náà, ibi tó wà, àti bó ṣe ń ké.
2. Ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹni tó sọ ọ́ fún ọ kò bá rí i rí, ya igi tí ohùn náà ti wá.
3. Kọ́ òwe àjànàkú sórí. A ó gbọ́ ọ ní Sátidé.

Ó dìgbà o.